Iyanrìn tí Ọ̀nì Yé Sí

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Omi tí mo mọ̀ kí n tó lọ sílé ọkọ ní Oǹdó kò ju odò Àlà lọ, èyí tí ewúrẹ́ máa ń là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ikùn rẹ̀ kò ní tutù. Nígbà tí mo wá kọ́kọ́ rí odò Ọ̀wẹnà níbi tó ti fẹ̀ nínú igbó, níbi tó jìnnà sí afárá àti títì, mo dúró gbagidi pẹ̀lú ẹrù lórí. Omi náà dúdú, ó ń lọ láìpariwo. Àwọn igi òdìkejì ga débi pé mo ní láti fọwọ́ méjèèjì di ẹrù mi mú kí n tó lè gbójú sókè wò wọ́n. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wà níwájú, bojú wẹ̀yìn.

"Ìyàwó, ṣé odò ló máa bá ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ ni? Máa bọ̀ jàre."

Èdè Oǹdó ni wọ́n ń sọ ní tiwọn. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí lọ́nà tí yóò fi yé ẹni tí kò gbọ́ Oǹdó, nítorí èmi gan-an pẹ́ nílé yẹn tí mo ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí kò yé mi.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìwé tuntun sì ń hù káàkiri bí olú. Káfíńtà ni ọkọ mi. Wọ́n pè é sí Àkúrẹ́ pé kó wá máa kan bẹ́ǹṣì àti tábìlì fún wọn. Ó lọ, ó gba yàrá kan síbẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa palẹ̀ mọ́. Inú mi dùn bíi kí n fò. Mò ń padà sí ìlú ìyá mi! Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe la ẹnu, tí wọ́n ní kí àwa méjèèjì máa lọ o, ṣùgbọ́n ọmọ yóò dúró lọ́dọ̀ àwọn.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn, ọmọbìnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ tó bá já lẹ́nu ọmú sábà máa ń lọ, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ìkà. Ọkọ mi tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó wá wò wá tí mo mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní, "Ta ló tọ́ èmi náà? Ṣé kì í ṣe ìyá ìyá mi ni?" Ó rò pé òun ti tù mí nínú. Mi ò lè sọ fún un pé láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ, bí mo bá ń bu oúnjẹ fún ọmọ náà, mo máa ń bù ú ju èyí tó lè jẹ tán lọ.

Ìyàwó ilé kì í sọ pé rárá fún ìyá ọkọ, pàápàá irú ìyá ọkọ tèmi. Ẹnu wọn mú. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sí ẹ láàárọ̀, wàá ṣì máa fọwọ́ pa ojú ibẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí àgọ́ etí odò kí n tó lọ sí Àkúrẹ́, mo yára gbà. Mo rò ó pé níbẹ̀, níbi tí kò ti ní sí ẹnìkan láàárín wa, n ó kúnlẹ̀, n ó sọ fún wọn pé mi ò lè fi ọmọ mi sílẹ̀. Àwọn náà ní èrò tiwọn: wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ́ àwọn lára, kó ti máa sùn tì wọ́n kí n tó lọ. Olúkúlùkù wa mọ ohun tó wà nínú ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde.

Púpúrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún. Oko ẹ̀gẹ́ wọn kò jìnnà sí odò. A ó wú ẹ̀gẹ́, a ó bó o, a ó kó o sínú àpò, a ó so àpò mọ́ igi létí omi kó rẹ títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fi òkúta tẹ omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto, a ó sì tò ó sórí àjà igi, kí iná àti èéfín yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹ̀gẹ́ tútù wúwo, ó ń jẹ ọrùn. Púpúrú tó ti gbẹ fúyẹ́, èèyàn lè rù ú dé Oǹdó kó ṣì lókun láti gún un. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń pàgọ́ sétí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan wà lókè odò lọ́dún yẹn, a máa ń gbọ́ ohùn wọn bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa.

Àgọ́ tiwa kò ju ọparun àti ewé gbòdógì lọ. Ibùsùn rẹ̀ wà lókè lórí òpó, ó ga tó àyà mi, nítorí ọ̀nì. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nì ló ni ibẹ̀. Ìyá ọkọ mi kì í fi ìyẹn ṣe àwàdà. Kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n lọ sétí omi, wọ́n ní, "Onílé, ẹ kúulé o. Àwa náà ni. A ò ní pẹ́." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí ojú wọn, mo gbé ẹ̀rín mì.

Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. A kì í pọn omi lójú ibì kan náà lánàá àti lónìí. Wọ́n ní ọ̀nì kì í kánjú, pé ó lè máa wò ẹ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ ibi tí o máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, kó wá dúró dè ọ́ níbẹ̀. A kì í da ìfun ẹja sómi. Oòrùn kì í wọ̀ bá ọmọdé nílẹ̀. Mo ń gbọ́, mo ń mi orí, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò tíì rí nǹkan náà, mo rò pé ìyá àgbà ló fẹ́ fi mí ṣeré.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń fọ ìkòkò, mo gbójú sókè, mo sì rí i lórí iyanrìn òdìkejì. Bí wọ́n bá ní kó sùn sínú yàrá wa, ìrù rẹ̀ yóò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìbìkítà. Kò mira. Mo rò pé bóyá ó ti kú. Ó wá pa ẹnu dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọ omi, omi kò sì ta sókè rárá. Nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó wọ omi bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọ aṣọ! Orí mi wú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù nípa títóbi Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́, mo sì ń ṣe àmín, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni ara mi kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo fi ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀, mo sá gun òkè.

Ìyá ọkọ mi ní abo ni, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti mọ̀ ọ́n, pé iyanrìn ìhà tiwa ló máa ń yé sí. "Ṣùgbọ́n ìyà lásán ló ń fi jẹ ara rẹ̀," wọ́n ní. "Á ṣọ́ ẹyin títí, oúnjẹ kò ní kan ẹnu rẹ̀, tí ẹyin bá wá pa tán, á kó àwọn ọmọ náà jẹ. Mo máa ń bá èèpo ẹyin níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀nì ń jẹ ọmọ rẹ̀."

Ọmọ mi ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó ti ń pe ìyá ọkọ mi ní Yèyé. Bó bá jí láàárọ̀, Yèyé. Bí ebi bá ń pa á, Yèyé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ wọn, á sì sùn lọ fọnfọn. Kí n má purọ́, owú jẹ mí. Owú jẹ mí débi pé mò ń fi ìbínú bó ẹ̀gẹ́, mò ń gé ara rẹ̀ mọ́ èèpo, tí ìyá ọkọ mi fi ní, "Ìyàwó, ẹ̀gẹ́ yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́ o."

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ rọ̀, wọ́n lọ wá igi ìdáná, wọ́n ní kí n kan àjà, kí n dáná sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ń sùn lórí ẹní lábẹ́ igi kan. Mo wá ohun tí n ó fi fọnná láti ibi ààrò, mo sì rí àpáàdì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí iyanrìn ní ìsàlẹ̀ àgọ́. Ta ni yóò rí àpáàdì tí kò ní rántí iná? Láti kékeré la ti ń fi í fọnná láti ilé dé ilé. Àwọn àgbà náà ló sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Mo gbé e, mo bu ẹyín iná sínú rẹ̀. Mo tún wo ibi tí mo ti gbé e: iyanrìn rẹ̀ mọ́, kò ní koríko, ó rọ̀, òpó yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ri òpó sí. Ibẹ̀ ni mo dáná sí. Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Ohun tí gbogbo obìnrin etí odò mọ̀, tí kò sì sọ sí ìyá ọkọ mi lọ́kàn láti sọ fún ọmọ Àkúrẹ́, ni pé àmì ni àpáàdì tí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé iyanrìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀nì yé sí ló ń gbé e síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́lẹ̀ tàbí kó dáná lé ẹyin náà lórí. Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lórí àpáàdì?

Wọ́n dé, wọ́n rí iná, wọ́n rí àpáàdì lọ́wọ́ mi. Mo dúró de èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n rọra sọ igi kalẹ̀, wọ́n sì fi àgbọ̀n júwe odò fún mi. Ojú méjì ló yọ lójú omi, ó sún mọ́ wa débi pé mo rí bó ṣe ń ṣẹ́jú.

"Má sáré," wọ́n ní. "Fi ẹ̀yìn rìn."

"Ìyá, ọmọ ńkọ́?"

Ọ̀nì ti jáde. Mo ti máa ń rò pé ṣe ló máa ń wọ́; mi ò mọ̀ pé ó lè fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó máa rìn bí ajá. Omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó ń bọ̀ tààrà síbi iná, ẹní tí ọmọ mi sùn lé kò sì jìnnà síbẹ̀. Mo fẹ́ sáré lọ, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n lọ. Wọ́n bọ́ sáàárín ọ̀nì àti ọmọ, wọn ò mú àdá, wọn ò mú igi, wọ́n kàn la apá méjèèjì, wọ́n dúró. Arúgbó tí kò ga ju èjìká mi lọ! Ọ̀nì kò tilẹ̀ wo ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ìrù gbá àjà mi lẹ́ẹ̀kan péré, igi àti iná fò sínú odò, omi ń hó ṣàà. Ó wá dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn náà, ó gbé àgbọ̀n lé ibi tí àpáàdì wà tẹ́lẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ. Kò jí. A gun orí ibùsùn, a jókòó. Wọ́n ń ka ìka ẹsẹ̀ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i, wọ́n sì mọ̀ pé mo rí i.

Àpò ẹ̀gẹ́ wa ṣì wà létí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sílé," ni mo sọ. Wọ́n ní àwọn ò ní fi làálàá ọdún kan sílẹ̀, pé yóò kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Mo ní bóyá kí a ké sí àwọn obìnrin òkè odò, kí a jọ pariwo lé e. Wọ́n wò mí.

"Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀, ṣé ó máa gbọ́ àlàyé rẹ ni?"

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ tèmi. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó fi ara rẹ̀ dínà ọ̀nì nítorí ọmọ mi, nígbà tí èmi tí mo bí i dúró bí òpó, ẹnu wo ni n ó fi sọ fún un pé kó má gba ọmọ náà? Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá ọwọ́ wọn ló yẹ kó wà. Ìrònú yẹn dùn mí ju gbogbo èébú wọn lọ.

A wà bẹ́ẹ̀. A ń jẹ iṣu sísun, à ń pọn omi láti inú ìṣàn kékeré kan lẹ́yìn àgọ́, ọ̀nì kò kúrò. Bí oòrùn bá mú jù, ó máa ń wọ omi díẹ̀, á sì tún padà. N kò rí i kó jẹun. Mo máa ń jókòó lókè, màá máa wò ó títí, ẹ̀rù náà sì ń di nǹkan mìíràn tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, odò náà sì ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Àwa àti ààrò wa, àti ìjà abẹ́lẹ̀ wa lórí ọmọ, a kéré níbẹ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní ọjọ́ kan, ó rọ̀ títí, ó sì dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu bo ojú odò, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, mo gbọ́ ohùn kan tó dà bí ti òròmọdìyẹ. Ó pọ̀. Mo wá a lápá ọ̀tún, mo wá a lápá òsì, àṣé láti inú ilẹ̀ ló ti ń jáde. Mo jí ìyá ọkọ mi. Wọ́n pọn ọmọ, a sọ̀ kalẹ̀, a fara pamọ́ sẹ́yìn igi.

Ọ̀nì ti ń fi ọwọ́ iwájú gbẹ́ iyanrìn. Ó ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, á dúró, á tẹ́tí, á tún gbẹ́. Ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí hàn, funfun, àwọn mìíràn ti là, ọmọ ọ̀nì tí kò ju alángbá lọ ń yọ orí. Ó la ẹnu. Mo rí eyín rẹ̀ láti ibi tí a wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣa wọn sẹ́nu, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn.

"Yéè! Ó ń jẹ wọ́n!" Mo fẹ́ yíjú kúrò. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú.

"Dákẹ́. Wò ó dáadáa."

Kò pa ẹnu dé pátápátá. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú bí àpò tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Ó rìn lọ sínú omi, ó rọra bọ ẹnu sínú omi, ó mi orí sọ́tùn-ún, sósì, àwọn ọmọ náà sì ń jáde láti àárín eyín yẹn, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́! Ó padà wá. Ó tún kó òmíràn. Ẹyin kan wà tí kò tíì là. Ó gbé e sáàárín ahọ́n àti àjà ẹnu, ó ń yí i, ó ń yí i, ẹnu tó lè ṣẹ́ itan màlúù sí méjì, títí èèpo fi là, tí ọmọ inú rẹ̀ yọ orí jáde. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde lára rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lójú mi. Mo ti bímọ, mo ti rí òkú, mo ti rí iná jó ilé tán. N kò tíì rí nǹkan tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi na ìka láti ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi, ó ní, "Yèyé, ọmọ." Wọ́n dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ni."

Nígbà tó kó èyí tó kẹ́yìn lọ, tí kò padà wá mọ́, ìyá ọkọ mi rìn lọ síbi ihò náà, wọ́n jókòó sórí iyanrìn tútù, èèpo ẹyin yí wọn ká. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Látìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń wá síbí," wọ́n ní. "Irọ́ la ti ń pa mọ́ ọn."

N kò tíì rí wọn kí wọ́n sọ pé àwọn ṣì nǹkan kan mọ̀ rí. Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti tò sílẹ̀ láti Oǹdó fò lọ.

"Ìyá, mi ò lè fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ọmọ ń fi irun orí wọn ṣeré.

"Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀?" Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn iyanrìn kúrò nídìí ìró. "Lọ wo ẹ̀gẹ́, kó má lọ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́."

Ọjọ́ tí mo ń lọ sí Àkúrẹ́, wọn ò jẹ́ kí n gbé ọmọ láti ilé dé gáréèjì Oǹdó. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, wọ́n fúnra wọn so ọ̀já náà, wọ́n fà á le débi pé mi ò lè mí dáadáa.

"Má jẹ́ kó gbàgbé ojú mi."

"Kò ní gbàgbé, Ìyá."

Wọ́n yí padà. Wọn ò dúró wo bí lọ́rì ṣe máa gbéra.

Ní Àkúrẹ́, níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìyá arúgbó tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa ni ọmọ mi ń sá tẹ̀ lé. "Yèyé! Yèyé!" Ó tẹ̀ lé ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kiri aṣọ títí dé orígun àdúgbò, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fà á lọ́wọ́ padà wá. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ fún ọkọ mi pé a ó lọ kí ìyá rẹ̀ láìpẹ́. Iṣẹ́ pọ̀, bẹ́ǹṣì kò tán, òjò dé, ojú ọ̀nà bàjẹ́, a sì ń sọ pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú ilé wa láti sinmi. Wọ́n kúrú, wọ́n sì dúdú bí ìyá ọkọ mi, bákan náà ni wọ́n ṣe wé gèlè. Wọ́n kí ọmọ mi, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ọmọ mi gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó sì padà sí eré rẹ̀.

Àyà mi já. Mo yọ igi kúrò lábẹ́ ọbẹ̀ tí mò ń sè, mo gbé ọmọ pọ̀n pẹ̀lú aṣọ eré tó wà lọ́rùn rẹ̀, mi ò dúró de ọkọ mi, mo sáré lọ sí gáréèjì, mo ń béèrè lọ́rì tó ń lọ sí Oǹdó.